Ilé ìwòran kan ní Yemẹtu tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá

Bí wọ́n bá sọ ₦500 tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòran bọ́ọ̀lù yìí di ₦700 lọ́la, màá kùn, màá sì san án. Kì í ṣe torí àga wọn, àga wọn ò dáa. Kì í ṣe torí fáànù, torí fáànù mẹ́ta ló wà lókè, ọ̀kan ṣoṣo ni atẹ́gùn rẹ̀ ń dé ara èèyàn, àwọn ọmọ tẹ́tẹ́ ló sì máa ń tètè gba abẹ́ ẹ̀. Ohun tí mò ń sanwó fún ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí rẹfirí bá ti fọn fèrè ìkẹyìn, lásìkò tí àwọn ilé ìwòran yòókù máa ń pa jẹnẹrétọ̀ mọ́ èèyàn lórí.

Yemẹtu ní Ìbàdàn ló wà, lápá ibi tí wọ́n ń gbà lọ sí Adéọ̀yọ́. Láti Mọ́kọ́lá tí mo ti ń ránṣọ, Máíkírà kan ti tó, bí dẹ́rẹ́bà ò bá ní òun ò dé ọ̀hún mọ́. Kò sí pátákó kankan níta. Ìyá alákàrà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ fi dá ibẹ̀ mọ̀. Àkàrà rẹ̀ dáa gan-an títí di ìgbà tí wọ́n bá lọ sinmi ní àbọ̀ ìdíje. Èyí tó bá kù nínú abọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ti ẹni tí ebi ń pa ni. Nínú, tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì ló wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n lè gbé ìdíje méjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà ní Sátidé, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ṣí. Bẹ́ǹṣì onípákó ló pọ̀ jù. Àga oníke wà níwájú fún àwọn àgbàlagbà àti fún àwa obìnrin, a ò sì pọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin á ní, "Mà, ṣé ọmọ yín lẹ̀ ń wá ni?" Wọ́n ti mọ̀ mí báyìí. Tí Manchester United, tíìmù tèmi, bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù, "Ìyá Ìbejì, àga yín rèé" ló kù.

Ẹni tó ni ilé ìwòran náà, Kóòṣì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aṣọ́lé ni nígbà èwe rẹ̀, ìka kan lọ́wọ́ òsì rẹ̀ sì wọ́ títí dòní nítorí ẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sátidé, ó sì gbà pé ọmọdé làwa oníbàárà rẹ̀ náà. Tí ìdíje bá parí, kò ní í lé ẹnikẹ́ni. Á so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, á wá ibi tí góòlù ti wọlé, á dá àwòrán náà dúró, á mú igi ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, á wá bi wá pé, "Ta ló jẹ̀bi?" Òfin kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó bá ní kí wọ́n lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó jókòó.

Ẹ lè rò pé òfin kékeré nìyẹn. Ẹ dán an wò láàárín ọgọ́ta èèyàn tí United ṣẹ̀ṣẹ̀ bà nínú jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi alẹ́ kan ṣàlàyé. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 2024, a lọ bá Arsenal nílé wọn ní Emirates. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbi tiwa níhìn-ín. Àbọ̀ àkọ́kọ́ parí, kò sẹ́ni tó rí góòlù gbá, àwa ará United sì ti ń fẹsẹ̀ nà lórí àga. A padà dé, Declan Rice gbé kọ́nà kan wọlé, Jurriën Timber fi orí kàn án lẹ́bàá òpó tó sún mọ́ ibi tí kọ́nà ti wá, ó di góòlù. Nígbà tó yá, kọ́nà mìíràn dé láti ẹsẹ̀ Bukayo Saka, Thomas Partey fi orí gbé e, ó ba William Saliba lára, ó wọlé. 2-0. Kọ́nà méjì, góòlù méjì. Alhájì kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Gáté, Arsenal paraku, ló ra púrè wọ́tà odindi àpò, tó ń pín in fún àwa ọlọ́fọ̀ níkọ̀ọ̀kan, tó ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ẹ̀ ní rírú ẹ̀ mọ́."

Fèrè dún. Ọmọ yunifásítì kan dìde lẹ́yìn, ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo àwọn tó jókòó ti Amorim lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni kí wọ́n kó dànù. Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn ní tírénìn?" Ariwo gbalé. Ó kéré tán, ìdajì ilé ló gbè é.

"Dárúkọ wọn," Kóòṣì wí.

Ọmọ náà wo òkè, ó wo ilẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, èmi náà ì bá má mọ̀ wọ́n ká ní mi ò kà nípa wọn. Carlos Fernandes, Adelio Candido, Emanuel Ferro, àti Jorge Vital tó wà fún àwọn aṣọ́lé. Láti Sporting ní orílẹ̀-èdè Portugal ni Rúben Amorim ti kó wọn dání nígbà tó wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá United ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Lálẹ́ tí à ń wí yìí, wọn ò tíì lo oṣù kan. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan?

Kóòṣì wá dá àwòrán kọ́nà àkọ́kọ́ dúró. Ó ní ká má wo bọ́ọ̀lù rárá, ká wo ẹsẹ̀. Ó fi igi ìgbálẹ̀ kan ìdí Timber, ó sún àwòrán náà díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ẹ rí i? Eléyìí ti mọ ibi tó ń lọ. Àwọn tiwa ń wo òfuurufú." Ó dá a padà, ó tún sún un. Ó fi hàn wá bí èrò ṣe pọ̀ níwájú André Onana, aṣọ́lé wa, débi pé kò ráyè jáde wá gbá bọ́ọ̀lù náà ní ẹ̀ṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí aṣọ́lé àtijọ́, ibi Onana yìí ló pẹ́ sí jù. Ó gbé igi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní kí ọmọkùnrin méjì wá dúró ti òun nígbá àyà kí a lè rí bó ṣe máa ń rí lára. Wọ́n tì í, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu tẹlifíṣọ̀n. Ilé rọ́ fún ẹ̀rín, inú wa sì ti rọ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ Nicolas Jover. Arsenal ló gbà á láti Manchester City ní 2021, kọ́nà àti fíríkíìkì sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa nígbà mìíràn: tí kọ́nà bá dé, òun ni yóò dìde wá sí ẹ̀bá ìlà, tí yóò máa juwọ́ sí wọn, Mikel Arteta tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ gan-an á fún un láyè. Ní sáà 2023/24, góòlù 16 ni Arsenal rí nínú líìgì láti ara kọ́nà. Igbákejì nìyẹn. Iṣẹ́ ẹ̀ hàn, èèyàn lè kà á. Àwa náà sì ti rí i pé ó yẹ ká ní irú ẹ̀, la ṣe gba Andreas Georgson ní oṣù Keje 2024. Alhájì Gáté ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀: "Georgson? Àwa la ní in tẹ́lẹ̀! Ìgbà tó kúrò la tó mú Jover!" Òótọ́ ló sọ. Inú bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn ilé ìwòran yìí. Ní ibòmíràn, "kí wọ́n lé gbogbo wọn" ni ọ̀rọ̀ á parí sí, kálukú á wá ọ̀kadà lọ sílé. Lọ́dọ̀ Kóòṣì, ó di pé: ó dáa, kọ́nà kò dáa, ta ló ni kọ́nà? Ẹni tó ń kọ́ aṣọ́lé ńkọ́, ṣé ìwà Onana lójú kọ́nà ti yí padà láti ìgbà tí ẹni náà ti dé? Ẹni tó ń wo fídíò alátakò ńkọ́, ṣé wọ́n ti sọ fún wọn pé ibi òpó tó sún mọ́ kọ́nà ni Rice ń fojú sùn? Tí ọrùn bùbá bá há oníbàárà mi, mi ò ní lé ọmọbìnrin tó ń ṣe ojú bọ́tìnnì. Ẹni tó gé ọrùn ni màá pè, bó bá sì jẹ́ èmi ni mo wọn ọrùn náà, mo mọ ilé ẹjọ́ tí mò ń lọ.

Èmi náà sọ tèmi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí láti 1999 ni mo ti ń bá United bọ̀, mo sì mọ ìtàn àwọn igbákejì wa ju bí mo ṣe mọ oríkì ilé ọkọ mi lọ. Brian Kidd ni igbákejì Alex Ferguson, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà náà, láti 1991. Ní oṣù Kejìlá 1998, láàárín sáà, ó gbéra lọ di ọ̀gá ní Blackburn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé a ti kú. Oṣù Kejì 1999 ni Steve McClaren dé láti Derby. Ìdíje àkọ́kọ́ tó bá wa lọ, 8-1 la na Nottingham Forest, Ole Gunnar Solskjaer tó jẹ́ àfidípò sì gbá mẹ́rin wọlé nínú ẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ìparí oṣù Karùn-ún, ife mẹ́ta ló wà nílé: líìgì, FA Cup àti Champions League. Kidd ńkọ́? Blackburn já sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún kan náà, ìdíje tó sì já wọn ni 0-0 tí wọ́n gbá pẹ̀lú àwa gan-an. McClaren náà lọ sí Middlesbrough ní 2001, Ferguson ò fi ẹni tó fìdí múlẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ipò kẹta la ṣe, ife kan ò wọlé. Carlos Queiroz dé ní 2002, ife líìgì padà sílé ní 2003.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé igbákejì kì í ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èkejì. Ferguson fẹ̀yìn tì ní 2013, ife líìgì wà lọ́wọ́ wa, máàkì 11 la fi ju ẹni tó tẹ̀lé wa lọ. David Moyes dé láti Everton, ó kó Steve Round, Jimmy Lumsden àti Chris Woods dání. Mike Phelan, René Meulensteen àti Eric Steele tó ń kọ́ àwọn aṣọ́lé kó ẹrù wọn jáde. Gbogbo ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ń kó nǹkan sí nínú ilé ló bá ọ̀nà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ipò keje la parí sí, Moyes ò sì rí òpin sáà, oṣù Kẹrin 2014 ni wọ́n lé e.

Ẹ̀kẹta ló sún mọ́ ohun tí ọmọ yunifásítì ń wí jù. Sáà 2023/24, ipò kẹjọ la ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a na Manchester City 2-1 gba FA Cup. Wọ́n jókòó rò ó, wọ́n ní Erik ten Hag tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá á dúró, wọ́n tiẹ̀ fi ọdún kún ìwé àdéhùn rẹ̀. Àwọn tó yí i ká ló yí padà. Mitchell van der Gaag lọ, McClaren, tó ti padà wá bá wa, lọ sí Jàmáíkà, Benni McCarthy náà lọ. Ruud van Nistelrooy àti René Hake wọlé. Ojú tuntun lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù ti àná. Liverpool fún wa ní 3-0 nílé, Tottenham náà fún wa ní 3-0 nílé, West Ham wá fi 2-1 gbé e ka ilẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ni wọ́n lé Ten Hag, ipò kẹrìnlá la wà. Wọ́n ti ná oṣù mẹ́ta tó yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun fi kọ́ wọn ní iṣẹ́, lórí pípààrọ̀ àwọn igbákejì.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Bàbá Ṣúùtìn, nítorí Shooting Stars. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wo United. Wọ́n ń wá jókòó ni. Ẹ má bi wọ́n nípa 1976 tí IICC, bí wọ́n ṣe ń pe Shooting Stars nígbà náà, gba ife Cup Winners' ti Áfíríkà tí ẹ ò bá ní àyè títí di òru, ẹ má sì dárúkọ Zamalek ti Íjíbítì létí wọn, torí àṣekágbá méjì tí wọ́n ti nà wọ́n, 1984 àti 1996. Àwọn ló mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Wọ́n ní ní líìgì tiwa, ọ̀rọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀: tí tíìmù bá pàdánù léraléra, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n máa ń ní kó lọ rọra sinmi nílé ná, igbákejì ni wọ́n á fà á lé lọ́wọ́. "Ìwọ wá rò ó wò. Igbákejì tó mọ̀ pé bí ọ̀gá bá ṣubú, òun ló kàn, báwo ló ṣe máa wo ojú ọ̀gá?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fún wọn.

Mo rò ó dé ilé. Van Nistelrooy ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́ lẹ́yìn Ten Hag: ìdíje mẹ́rin, ó borí nínú mẹ́ta, ó ta ọ̀mì nínú ọ̀kan. Amorim dé, Van Nistelrooy kúrò. Leicester mú un ṣe ọ̀gá, Leicester já ní ìparí sáà. Kí a tó lọ jìnnà, Finidi George jókòó ti José Peseiro nígbà tí Super Eagles dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní oṣù Kejì 2024. Oṣù Kẹrin, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá. Oṣù Kẹfà, ó ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú South Africa ní Uyo, orílẹ̀-èdè Benin nà án 2-1 ní Abidjan, ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Iṣẹ́ igbákejì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè má mọ ti ọ̀gá ṣe, ẹni tó ń bínú sí i lórí àga ìwòran lè má mọ èwo nínú méjèèjì ló ń wò.

Ibi tí èmi àti Kóòṣì ti ya ara wa rèé. Òun ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni títí sáà á fi parí, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èmi ò gbà. Bí ó bá ti hàn gbangba pé ibi kan ló ń jò, tí a sì mọ ẹni tó ni ibẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ẹni yẹn nìkan, ìbáà jẹ́ oṣù Kejìlá. McClaren kò dúró de ìparí sáà kó tó wọlé. Ohun tó jẹ́ kí ti 1999 yọrí ni pé ọ̀gá lágbára, ó mọ ohun tó fẹ́, iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ṣófo, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n fi dí i. Níbi tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá ti ń ṣiyèméjì, ẹ kó igbákejì ogún wá, omi ló ń dà sẹ́yìn igbá. Kóòṣì ní mo le lórí jù fún aránṣọ. Mo ní kó lọ tún fáànù rẹ̀ ṣe.

Àwọn tó bá ń ṣe United á rántí bí sáà yẹn ṣe parí: ipò kẹẹ̀ẹ́dógún, máàkì 42. Lálẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 2025 tí Tottenham nà wá 1-0 ní Bilbao nínú àṣekágbá Europa League, Kóòṣì ò so fóònù mọ́ nǹkan kan. Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó ní ká lọ sùn. Mo kà á sí iṣẹ́ tó dáa jù tó ṣe fún wa.

Mo fún wọn ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìkan tí mo yọ, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, tí ẹ ó rí i tí ẹ bá débẹ̀, mi ò ní í ṣàpèjúwe ẹ̀, ìyá alákàrà ò jìnnà síbẹ̀. Ohun mìíràn tó ń dùn mí ni pé àwòrán tiwọn máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ti àgbàlá kejì lọ, ẹ ó gbọ́ "góòòòlù!" láti ẹ̀yìn ògiri kí agbábọ́ọ̀lù tiyín tó gbé ẹsẹ̀. Bí góòlù bá jẹ́ ti alátakò, ìyà náà di méjì.

Sátidé tàbí Sọ́ńdè ni kẹ́ ẹ lọ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìdíje lẹ̀ ń wá, torí láàárín ọ̀sẹ̀, bí epo bá wọ́n, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Kóòṣì máa ń ṣe é mọ. Ẹ mú owó ọwọ́ dání, wọn ò ní POS. Ẹ tètè dé kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹra fún bẹ́ǹṣì kejì láti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀, nígbà tí góòlù bá wọlé ló sì máa ń rántí.